Àwọn géèmù tí wọ́n fi máàkì pa

Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Máàkì tí IGN, ìkànnì tó ń yẹ géèmù wò, fún géèmù God Hand nìyẹn lọ́dún 2006, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹ yà sí ilé géèmù èyíkéyìí láti Under G dé Tákíè, ẹ wá ẹni tó ti ń di páàdì PS2 mú láti kékeré, kí ẹ dárúkọ Gene, akọni inú géèmù yẹn, fún un, kí ẹ wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa yá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, a kì í ka ohun tí òyìnbó kọ ká tó ra síìdì. Wọ́n á kó o wá láti Ìbàdàn, a ó fi sẹ́nu ẹ̀rọ, a ó gbá a. Bó bá dùn, a ó mọ̀. Bí kò bá dùn, a ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí àwa náà dá sí ọ̀rọ̀ àwọn géèmù tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ilé géèmù lèmi fi ń jẹun, nítòsí yunifásítì LAUTECH. Bọ́ọ̀lù ló ń mówó wọlé jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: ẹni tó bá pàdánù á sanwó, ẹni tó bá borí á jókòó de ẹni tó kàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó ní wákàtí-wákàtí, àwọn tó ń gbá géèmù onítàn àti géèmù ìjà, àwọn ni ojú mi máa ń wà lára wọn. Mo mọ géèmù tí wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á pa tì, mo sì mọ èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ padà wá lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ géèmù kì í sábà ní àǹfààní yẹn. Iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù á fi ránṣẹ́ sí wọn kó tó jáde, á dá ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n lè gbé àyẹ̀wò wọn síta fún wọn, gbogbo wọn á wá máa sáré kí tiwọn má baà gbẹ́yìn. Géèmù tó bá fẹ́ sùúrù, inú eré sísá yẹn ló ń bá lọ.

Ẹ gbọ́ bí God Hand ṣe rí, ẹ̀yin tí ẹ kò gbá a rí. Gene, ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan jẹ́ ọwọ́ òrìṣà, ni ẹ óò máa darí. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀ láti fi dí ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀pá kékeré tó wà lápá ọ̀tún páàdì ni ẹ óò máa fi yẹ̀ ẹ́: ẹ tì í síwájú, Gene á máa fi orí yẹ ẹ̀ṣẹ́ níbi tó dúró sí, ẹ fà á sẹ́yìn, á ta tàkìtì, ẹ tì í sápá kan, á fò sápá ibẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá tó máa jáde bí ẹ bá ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣà wọ́n, tí ẹ máa tò wọ́n tẹ̀ léra wọn bó ṣe wù yín. Nítorí náà, Gene tèmi àti Gene tiyín kò lè jà bákan náà. Èyí tó wá mú orí mi wú jù ni pé géèmù náà ń wò yín bí ẹ ṣe ń jà. Bí ẹ bá ń na àwọn ọ̀tá láìjẹ ẹ̀ṣẹ́, á mú kí ọwọ́ wọn le sí i, láti ìpele kìíní dé ìkẹta, títí tó fi máa dé èyí tí wọ́n pè ní Level DIE. Bí wọ́n bá nà yín bolẹ̀, á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún yín.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kì í ṣe irọ́. Kámẹ́rà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ Gene lẹ́yìn jù, ẹni tó bá ti ẹ̀yìn bọ̀ kì í tètè hàn. Ó ń pẹ́ kí Gene tó yí padà. Àwọn ilé àti ilẹ̀ inú rẹ̀ gbẹ, kò sí ẹwà kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sídìí ayò ọlọ́pọ́n máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ihò méjìlá àti ọmọ ayò nìkan ni òpè ń rí lójú ọpọ́n. Ọ̀ta tó jókòó níwájú rẹ̀ ti ń rí ibi tí ọmọ ayò máa bọ́ sí lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí wọ́n bá tún ta á. Ẹ kò lè pe òpè jáde lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó kí ẹ ní kó wá sọ bóyá ayò dùn. Ohun tí wọ́n ṣe fún God Hand nìyẹn.

Ẹni tó ṣe é kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Shinji Mikami, tó darí Resident Evil àkọ́kọ́ lọ́dún 1996 àti Resident Evil 4 lọ́dún 2005, ló darí rẹ̀ ní Clover Studio, ilé kékeré kan lábẹ́ iléeṣẹ́ géèmù Capcom. Oṣù tí God Hand dé Amẹ́ríkà gan-an, ìyẹn oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ni Capcom kéde pé àwọn máa ti Clover pa. Mi ò sọ pé máàkì ló fa ìyẹn. Okami tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, tí gbogbo ayé ń yìn, kò tà bó ṣe yẹ. Àmọ́ nígbà tí àwọn kan nínú àwọn ará Clover wá kóra jọ sí PlatinumGames, tí wọ́n gbé Bayonetta jáde lọ́dún 2009, máàkì ńláńlá ni wọ́n ń fún wọn. Ẹni tó bá mọ God Hand dáadáa máa rí i nínú Bayonetta pé ọwọ́ kan náà ló ṣe é.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé máàkì ò ju nọ́ńbà lásán lọ, kó gbọ́ ti Fallout: New Vegas. Iléeṣẹ́ Obsidian ló ṣe géèmù yìí fún iléeṣẹ́ Bethesda, ó jáde lọ́dún 2010. Chris Avellone, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Obsidian sílẹ̀, ló sọ ọ́ síta lọ́dún 2012 pé àdéhùn wà nílẹ̀: bí àpapọ̀ máàkì géèmù náà lórí Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì àwọn alámèyítọ́ jọ, bá pé 85, wọ́n máa gba owó àjẹmọ́nú. 84 ló ní. Àmì kan péré ni owó òógùn àwọn tó ṣiṣẹ́ fi fo orí wọn kọjá. Ẹ wò ó, àwọn tó fẹ́ràn ọ̀wọ́ géèmù Fallout títí dòní, tí ẹ bá ní kí wọ́n mú ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀, New Vegas ni ọ̀pọ̀ wọn máa mú. Ó ní àléébù nígbà tó jáde, ó máa ń dákú lójijì, mo gbà. Wọ́n tún un ṣe. Máàkì ni kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Tàbí kí n ní ó ṣeé tún ṣe, tí wọ́n bá fẹ́. Lọ́dún 2017, IGN kọ́kọ́ fún géèmù Prey ní mẹ́rin nítorí pé ibi tí alámèyítọ́ náà gbá a dé bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà, kò sì lè tẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n tún àléébù yẹn ṣe, ó padà gbá a tán, ó sọ máàkì náà di mẹ́jọ. Mo kan sáárá sí wọn fún ìyẹn. Kí ló dé tí kò fi di àṣà?

Urban Reign ńkọ́? Namco ló ṣe é lọ́dún 2005. Brad Hawk ni ẹ óò gbé, nínú ìlú kan tí àwọn ọmọ ìta ti gbà mọ́ àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́, ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ni ẹ máa jà kọjá. Máàkì àárín-àárín ni wọ́n fún un: ó le jù, iṣẹ́ inú rẹ̀ jọra jù. Bí ẹ bá dá nìkan gbá a nínú yàrá, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e síwájú èèyàn méjì nínú ilé géèmù tó kún, kí ọ̀kan mú Brad, kí èkejì mú Paul Phoenix tí wọ́n yá wá láti inú géèmù ìjà Tekken, kí ẹ wá gbọ́ ariwo. Ẹni tí wọ́n ń lù kò lè kàn máa tẹ bọ́tìnnì gìrìgìrì; ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá orí ni wọ́n fẹ́ gbá òun, bóyá inú, bóyá ẹsẹ̀, kó tó lè yẹ̀ ẹ́. Àwọn tó dúró sẹ́yìn ń kọ́ni, wọ́n ń bú, wọ́n ń ṣàdúrà. Kò sí ibi tí ìyẹn lè wọ̀ nínú máàkì ẹni tó dá gbá a. Géèmù yìí ti pé ogún ọdún, síìdì rẹ̀ ṣì ń họ mọ́ wa lọ́wọ́ nítorí bí wọ́n ṣe ń gbá a tó.

Days Gone lèyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ wa jù, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi. Bend Studio ló gbé e jáde lóṣù Kẹrin ọdún 2019, 71 ló ní lórí Metacritic. Ọkùnrin tó ń jẹ́ Deacon ń gun alùpùpù káàkiri igbó Oregon lẹ́yìn tí àìsàn kan ti sọ àwọn èèyàn di ẹranko. Epo alùpùpù yẹn ń tán. Ó ń bàjẹ́. Bí epo bá tán sáàárín igbó, ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi rìn lọ wá a, bí ilẹ̀ sì ti ń ṣú ni àwọn ẹ̀dá yẹn ń pọ̀ sí i. Àwọn kan rojọ́ pé wàhálà epo yẹn ti pọ̀ jù. Ọlọ́kadà kan wà tó máa ń yà sọ́dọ̀ mi lálẹ́, bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ: bó bá ti dé orí òkè, á tú ọwọ́ lórí iná, á jẹ́ kí alùpùpù fúnra rẹ̀ yí sọ̀ kalẹ̀ kí epo lè pẹ́. Ohun tó ń ṣe lójú títì láti Sábó dé Adéníkẹ̀ẹ́ ló ń ṣe nínú géèmù, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún un. Ó sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣe eléyìí ti gun ọ̀kadà rí.” Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju gbogbo àyẹ̀wò tí mo kà nípa rẹ̀ lọ. Jeff Ross tó darí géèmù náà sọ lọ́dún 2022 pé ó ti tà kọjá mílíọ̀nù mẹ́jọ, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn mú kó dà bíi pé ó já wọn kulẹ̀.

Mad Max ọdún 2015, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Metal Gear Solid V, géèmù ńlá tí gbogbo ayé ń dúró dè, jáde, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Ta ló fẹ́ ráyè tiẹ̀? Ẹ gbá a nítorí ìjì yanrìn inú rẹ̀ nìkan, owó yín ò ní ṣòfò.

Alien: Isolation ọdún 2014 ní tiẹ̀, 5.9 ni IGN fún un, ìwé ìròyìn PC Gamer fún un ní 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Géèmù kan náà! Ọmọ Ripley, obìnrin akọni inú fíìmù Alien, ń wá ìyá rẹ̀, ẹ̀dá kan ṣoṣo ń dọdẹ rẹ̀, ẹ kò sì lè mọ ibi tó máa gbà yọ nítorí kò ní ọ̀nà kan pàtó tó ń tọ̀. Ibi kan wà tí mo ti gba ti àwọn tó bínú sí i. Ara ògiri, níbi tí wọ́n fi ẹ̀rọ kan kọ́ sí, nìkan ni ẹ ti lè séèfù ibi tí ẹ bá dé, ibẹ̀ sì lè jìnnà síra. Ní ìlú tí iná lè lọ nígbàkúgbà, ìyà gidi nìyẹn. Mo ti rí ọmọkùnrin tó fẹ́ sunkún nígbà tí iná lọ mọ́ ọn lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù mìíràn wà tí máàkì kékeré tọ́ sí: Aliens: Colonial Marines ọdún 2013 kò jọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn èèyàn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí Isolation fi ń ba èèyàn, ó pẹ́ kí n tó rí irú rẹ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni àwọn tó ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn ń ṣe apá kejì. Ọdún mẹ́wàá gbáko.

Tales of Kenzera: Zau ló mú kí n jókòó kọ gbogbo èyí. Abubakar Salim, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Kẹ́ńyà, ló ṣe é lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Ó jáde lọ́dún 2024. Zau, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ti kú, bá òrìṣà ikú tó ń jẹ́ Kalunga dá májẹ̀mú kó lè gba bàbá rẹ̀ padà. Agọ̀ méjì, ìyẹn ìbòjú, ni bàbá fi sílẹ̀ fún un, ti oòrùn àti ti òṣùpá. Bó bá gbé ọ̀kan wọ̀, agbára rẹ̀ yàtọ̀, ìjà rẹ̀ yàtọ̀. Máàkì tí wọ́n fún un kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń tẹnu mọ́ ni pé ó kúrú, pé ìjà rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó. Wọ́n sáré kọjá agọ̀ yẹn. Ọmọ tó dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti sá fún eégún, tó sì ti tẹ̀ lé eégún lọ sílé baba rẹ̀, tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òkú ọ̀run, kò ní sáré kọjá níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan gbé agọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti kú wọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ti mọ ẹni tó wọlé. Kò tó oṣù mẹ́rin tí géèmù náà jáde tí wọ́n fi dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ọjọ́ tí ọmọ Yorùbá bá ṣe géèmù ńlá tirẹ̀, ọwọ́ àwọn kan náà ni máàkì rẹ̀ máa wà, àfi tí àwa náà bá ń kọ tiwa.

Nítorí náà, mo ti bẹ̀rẹ̀. Géèmù yòówù tí ẹ bá gbá lọ́dọ̀ mi, ìwé kan wà lórí tábìlì tí ẹ lè kọ ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀ sí, ní Yorùbá, láìfún un ní nọ́ńbà kankan. Mo máa gbé èyí tó bá dáa síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Zau ti wà lórí ẹ̀rọ, mo ti fi dátà gbé e wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbá a, wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí oṣù yìí á fi parí, bí iná bá sì lọ, mo máa tan jẹnẹrétọ̀.