Èsì fún oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan

Òkun o, ọ̀gá wa. A dúpẹ́ pé ẹ wá, a sì dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé.

Ẹ ní ẹ san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà nítorí ọmọbìnrin kan àti gìtá kan, pé wọ́n ní kí ẹ panu mọ́ bí ọmọ ilé ìwé, pé orin òyìnbó ló ń kọ, pé iná tún lọ. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ní kí ẹ dákẹ́ nìkan lẹ ò kọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́, nítorí àwọn tó fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa ní Kàbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ ka tiyín.

Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2025 ni. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí a tún fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp nígbà tí ẹ sanwó, sọ ọ́ kedere: olórin kan, gìtá kan, kò sí ìlù, kò sí ijó, ìjókòó gbọ́ orin ni. Ọmọ tó ń gba owó tún kà á sí yín létí. Ẹ ní ó ti yé yín. Olórin ò tíì kọ orin àkọ́kọ́ dé ìdajì tí fóònù yín fi dún, lẹ bá gbé e lórí ìjókòó, lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ná símẹ́ńtì. “Àádọ́ta àpò ni mo fẹ́, gbé owó wálẹ̀!” Gbogbo ilé gbọ́. Olórin náà fi àtẹ́lẹwọ́ dí okùn gìtá rẹ̀, ó ń wò yín, ó ń dúró. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí wá bá yín. Ó kúnlẹ̀ o. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa rọra sọ̀rọ̀.” Òun náà lẹ pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Àwa kọ́ la sì dá irú ilé tí wọ́n ti ń jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bluebird Cafe, ilé ìgbọ́rin kékeré kan, wà ní Nashville l'Amẹ́ríkà láti 1982, àga ibẹ̀ kò pé ọgọ́rùn-ún, Taylor Swift kọrin níbẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Ẹni tó bá ń pariwo níbẹ̀, wọ́n á ní kó dákẹ́. Wọn ò tiẹ̀ ní kúnlẹ̀ fún un.

Orin òyìnbó, ẹ ní? Jim Reeves, olórin kọ́ńtìrì ará Amẹ́ríkà, ti kú láti 1964, síbẹ̀ tí Kérésìmesì bá dé, ohùn rẹ̀ la máa ń gbọ́ nílé àwọn àgbà wa. Kásẹ́ẹ̀tì Don Williams, oníkọ́ńtìrì bíi tirẹ̀, ò kúrò nínú mọ́tò bàbá mi títí mọ́tò náà fi bàjẹ́. Báńjò, ohun èlò olókùn bíi gìtá, tí àwọn oníkọ́ńtìrì ń ta l'Amẹ́ríkà gan-an, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé irú rẹ̀ dé ọ̀hún. Ọmọ Ìsánlú nílẹ̀ Yàgbà sì ni olórin wa yìí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ àwọn orin rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, èdè Yàgbà ló fi kọ ọ́. Orin kẹta dá lórí ìyá rẹ̀ tó ń ṣa kajú láàárọ̀, tí oníṣòwò wá dá iye tó wù ú lé e. Ìyá àgbà kan níwájú yín bú sẹ́kún. Bóyá ẹ̀yìn yín lẹ kọ sí i.

Ti iná, ẹ bi NEPA. Kí ọmọ wa tó fa jẹnẹrétọ̀, olórin ti kúrò nídìí maikirofóònù, ó bọ́ sáàárín àga, ó ń kọrin lọ, àwọn èèyàn ń fi fóònù tan iná sí i. Ibi tó dùn jù lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yín, ẹgbẹ̀rún méjì ló lọ sọ́wọ́ olórin. Epo, àga àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń bẹ nínú ìyókù.

A kì í dá owó padà lẹ́yìn tí orin bá ti parí. Àmọ́ torí pé ọmọ ilẹ̀ wa ni yín, ìjókòó méjì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún yín lóṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́. Ẹ mú ìyàwó yín dání. Wọ́n gbádùn rẹ̀ jọjọ, àwọn ló dúró gba nọ́ńbà olórin nígbà tí ẹ̀yin ti wà nídìí mọ́tò tí ẹ ń fun fèrè. Ẹ kàn máa fi fóònù yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

A lérò pé wọ́n ti já símẹ́ńtì náà fún yín.