Kí ọmọ wa tó sọ pé "mo jẹ̀bi"

Ní kóòtù májísíréètì, ẹjọ́ kékeré kì í pẹ́ tán. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogún ọdún kan láti ìgbèríko Bùnú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọ́n mú wá sí kóòtù Kàbà torí wọ́n ní ó jí bátìrì ọ̀kadà. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn, ògbufọ̀ fi gbólóhùn méjì tú u. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn, owó ìtanràn ti wà ní ìdí ìró rẹ̀. Ẹnì kan yọ́ sọ fún ọmọ náà pé, "Gbà pé o jẹ̀bi, ká tètè máa lọ sílé." Ó gbà. Wọ́n sanwó, wọ́n wọkọ̀, wọ́n ń dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tán.

Ẹ̀bi olè tó gbà yẹn lè dí i lọ́nà Amẹ́ríkà lọ́jọ́ iwájú. Irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn amòfin ibẹ̀ ń pè ní moral turpitude. Ní èdè tiwa, ìwà àbùkù tó ti inú ọkàn wá ni: kì í ṣe pé èèyàn kàn rúfin, ohun tó ṣe fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò mọ́. Ẹni tó bá ẹlòmíì jà lásán, tàbí tó mutí wakọ̀, òfin Amẹ́ríkà kì í sábà kà á mọ́ ọn. Olè àti oníjìbìtì ló máa ń mú. Láti ọdún 1891 ló ti wà nínú òfin ìwọ̀lú wọn, síbẹ̀ àwọn aṣòfin kò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí dòní. Ní 1951, nínú ẹjọ́ De George tó lọ́wọ́ nínú jìbìtì owó orí ọtí, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ní ibi tí jìbìtì bá ti wọ̀ ọ́, ìwà àbùkù ni. Adájọ́ Robert Jackson kò bá wọn lọ. Ó ní gbólóhùn náà kò lórí, kò nídìí. Àwa gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ibi tó dùn wá jù rèé. Òfin Amẹ́ríkà ní àyè láti fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tó jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyà tí wọ́n fi jẹ ọ́ nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún ń wo èyí tó pọ̀ jù tí òfin lè fi jẹ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀wọ̀n ọdún 1 lọ. Lábẹ́ Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí a jogún láti Àríwá, olè jíjà lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Nítorí náà, bó ṣe owó táṣẹ́rẹ́ ni adájọ́ bu fún ọmọ wa, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Lọ́jọ́ tí yunifásítì Amẹ́ríkà bá gbà á, iwájú òṣìṣẹ́ físà ni yóò ti mọ ìtumọ̀ ohun tó sọ ní Kàbà. Ó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ọwọ́ wọn ló kù sí. Nílé náà, òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò jẹ́ kí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi àìṣòótọ́, tí wọ́n sì fìyà jẹ, du ipò aṣòfin kí ọdún 10 tó pé.

A ò ní kí wọ́n fi olè sílẹ̀ o. Ọ̀kadà tí wọ́n tú bátìrì rẹ̀ ni ẹnì kan fi ń kó kajú lọ sọ́jà, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí ẹni tó ń gbẹ̀bi mọ ohun tó ń gbà. Apá 36 òfin ọdún 1999 náà ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún èèyàn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní èdè tó yé e, kí ògbufọ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì àbọ̀ọ̀bọ̀ kò lè tó ẹni tó ń sọ Owé tàbí Bùnú. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, nínú ẹjọ́ Padilla ní 2010, ní lọ́yà gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àlejò pé bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n lè lé e nílùú. Ẹni tí kò ní lọ́yà rárá ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà ńkọ́?

Kí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ Kogí pàṣẹ fún gbogbo májísíréètì: kí wọ́n tó gba "mo jẹ̀bi" lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí olè tàbí jìbìtì, kí wọ́n ṣàlàyé fún un, ní èdè abínibí rẹ̀, ohun tí yóò bá a kálé. Kí àwọn lọ́yà ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà ní Lọ́kọ́ja àti Àbújá máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún kóòtù ilé. Àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pa ẹjọ́ kankan lára. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Kàbà.