Ẹ Má Tíì Ju Gìtá Olówó Pọ́ọ́kú Yẹn Nù

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìkọ̀lé, bí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ kọ́ gìtá oníná, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń fún àwọn òbí rẹ̀: ẹ má ra olówó pọ́ọ́kú, ayédèrú ni, kì í dúró ní túùn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi jù ú sẹ́yìn ilé. Ẹni tí kò bá lówó ńlá lọ́wọ́, kó fi bọ́kìsì gìtá bẹ̀rẹ̀ ná. Àwọn olórí kọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, àwọn tó ń lu báàsì ń sọ ọ́, àwọn tó ń tà á náà kì í jiyàn, torí orí èyí tó wọ́n ni èrè wọn wà. Èmi ń tún gìtá ṣe l'Ádó-Èkìtì. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ tó lẹ́bùn kúrò nídìí gìtá.

Mi ò ní sọ pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti gbé wá bá mi tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń túùn ún tán ló ń yẹ̀. Àwa tí a dàgbà sínú orin jùjú kò sì lè gba ìyẹn mọ́ra. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa dún lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú gbólóhùn kékeré tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo orin ti dàrú. Etí wa kì í purọ́ fún wa lórí ìyẹn. Àmọ́ wọ́n gbọ́ àìsàn náà tán, wọ́n wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru owó tí wọ́n fi ra gìtá, láì wo ibi tó ń dùn ún gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí gìtá oníná jẹ́ ná. Okùn irin mẹ́fà ń gbọ̀n lókè òòfà. Wọ́n ti fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé òòfà náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, bí okùn bá sì ti ń gbọ̀n, iná díẹ̀ á jáde nínú wáyà yẹn, á gba kébù lọ sínú àḿpù. Ohun tí à ń pè ní píkọ́ọ̀pù nìyẹn. Kò sí ihò ńlá níkùn rẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde bíi ti bọ́kìsì. Nítorí náà, igi olówó iyebíye tí àwọn kan ń fi ń halẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kéré ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1940, Les Paul, onígìtá ará Amẹ́ríkà, mú igi páìnì kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ínṣì 4 lọ, ó kan ọrùn gìtá mọ́ ọn, ó fi píkọ́ọ̀pù sí i, ó sì ń lù ú. Ìgbà tó yá ló wá la gìtá míì sí méjì, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi náà, kó lè jọ gìtá lójú àwọn tó ń wò ó. Ohùn rẹ̀ ti wà kó tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Brian May, tó wá di onígìtá ẹgbẹ́ olórin Queen ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kan gìtá tirẹ̀ nínú ilé ní 1963, torí agbára wọn kò ká èyí tó wà lọ́jà. Igi ara ibi ìdáná àtijọ́ kan ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Sípíríǹgì alùpùpù wà nínú rẹ̀. Gìtá yẹn náà ló fi di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Ọ̀rọ̀ "Ṣáínà ni" tí a máa ń sọ náà ńkọ́? Epiphone, orúkọ gìtá tí í ṣe ti Gibson, ilé iṣẹ́ gìtá Amẹ́ríkà, ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Qingdao, ní Ṣáínà. Ilé iṣẹ́ Cor-Tek ní Indonéṣíà ń ṣe gìtá tí orúkọ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀, gìtá PRS SE tí àwọn onígìtá ń fẹ́ràn wà lára wọn. Fender, ilé iṣẹ́ gìtá ńlá míì ní Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ló mú orúkọ Squier jáde ní 1982 láti máa fi ta èyí tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń gé igi níbẹ̀, ó sì ń la ibi tí fíréètì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, máa wọ̀ bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà: fíréètì 12 gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín okùn gan-an, ì báà jẹ́ gìtá ẹgbẹ̀rún tàbí ti mílíọ̀nù.

Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Píkọ́ọ̀pù tó dáa jù wà, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fa okùn le tàbí dẹ̀ ẹ́, tó le jù náà wà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù nínú owó yẹn ni àsìkò ọwọ́ èèyàn. Gìtá tó wọ́n, ẹnì kan ti jókòó tì í kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ó ti fi fáìlì tún etí fíréètì rẹ̀ ṣe, ó ti wọn gíga okùn, ó ti yẹ ohùn rẹ̀ wò. Olówó pọ́ọ́kú, wọ́n kó o sínú páálí, ó di ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ tó kù lára rẹ̀ ni ẹ̀ ń gbọ́ tí ẹ̀ ń pè é ní ayédèrú. Iṣẹ́ yẹn sì ṣeé ṣe l'Ékìtì níbí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni mo fẹ́ fi hàn yín. Lókè ọrùn, níbi tí orí gìtá ti bẹ̀rẹ̀, ike funfun kékeré kan wà tí wọ́n la ipa mẹ́fà sí fún okùn mẹ́fà. Nut ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi ipa yẹn sílẹ̀ kó ga díẹ̀, torí bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jù, ike náà ti ṣòfò. Bó bá wá ga, okùn á jìnnà sí fíréètì àkọ́kọ́, ọmọ á sì ní láti tẹ̀ ẹ́ gan-an. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni okùn ń nà, bó ṣe ń nà ni ohùn ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé fóònù tó ní áàpù túùn sí i: ohùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, E, A, D, G, B, E. Ẹ wá di kọ́ọ̀dù E mú, ìka tó tẹ okùn kẹta ní fíréètì àkọ́kọ́ á ti gbé ohùn kọjá ààlà. Ọmọ á rò pé òun ni kò gbọ́n. Olùkọ́ rẹ̀ á ní gìtá náà kò dáa. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ pé ìdajì mìlímítà ike ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ìyá kan gbé gìtá ọmọ rẹ̀ wá láti Ìkẹ́rẹ́. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní mo ti fowó ra pàǹtí." Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo tẹ okùn kan mọ́ fíréètì kẹta, mo wo àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti fíréètì àkọ́kọ́. Bébà lásán ló yẹ kó lè gba ibẹ̀. Páálí bisikíìtì wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Mo tú okùn kúrò nínú ipa rẹ̀, mo fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ ipa náà díẹ̀, mo dá okùn padà, mo tún wò ó, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo wá fi ẹnu pẹ́ńsù kun inú ipa kọ̀ọ̀kan, kí okùn lè máa yọ̀ dáadáa. Tí ẹ bá ń túùn tí ẹ gbọ́ "tín!" lókè ibẹ̀, tí ohùn sì fò lójijì, okùn ló há sínú nut yẹn, ẹ̀bi kọ́kọ́rọ́ kọ́. Nígbà tí ọmọ náà di kọ́ọ̀dù E mú, ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó ní, "Àbí ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀ ni?"

Okùn tó bá gìtá wá nínú páálí, ẹ yọ ọ́ dànù. Ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ó ti dípẹtà. Ẹ ra okùn tuntun, èyí tí wọ́n kọ 9 tàbí 10 sí, ìyẹn bó ṣe nípọn tó, ló rọrùn fún ìka ọmọdé, ẹ jẹ́ kó yí kọ́kọ́rọ́ po bí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì fọwọ́ fà á sókè jẹ́jẹ́ kí ẹ tún un túùn, títí kò fi ní yẹ̀ mọ́. Okùn tuntun máa ń nà, ti olówó ńlá náà ń nà.

Ọyẹ́ náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Igi ọrùn gìtá máa ń gbẹ, á súnkì díẹ̀, ṣùgbọ́n irin fíréètì kì í súnkì, etí rẹ̀ á wá yọ síta, á máa gún ọwọ́. Nígbà òjò, igi náà á tún mu omi afẹ́fẹ́, ọrùn á tẹ̀. Irin kan wà nínú ọrùn tí wọ́n ń pè ní truss rod, òun ni a fi ń tọ́ ọ padà. Ìdámẹ́rin yíyí kan lẹ́ẹ̀kan náà ti tó, kí ẹ sì dúró wò ó. Gìtá tó wọ́n náà ń ṣe gbogbo èyí. Mo bẹ yín, ẹ má fi gìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n máa ń ti kébù gìtá bọ míkísà tààrà, nínú ihò kan náà tí wọ́n ń ti kíbọ́ọ̀dù bọ̀. Kíbọ́ọ̀dù ní iná tirẹ̀, ohùn rẹ̀ lágbára. Píkọ́ọ̀pù gìtá kò ní bátìrì, agbára rẹ̀ kéré, ihò tí ìdènà iná rẹ̀ tó nǹkan bí 1,000,000 ohm ló yẹ ẹ́, èyí tí wọ́n ń kọ Hi-Z sí. Ihò kíbọ́ọ̀dù lára míkísà sábà máa ń wà ní nǹkan bí 10,000 ohm. Tí ẹ bá ti gìtá bọ ibẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ á kú, á máa dún bí ẹni tó fi aṣọ di ẹnu. Ni wọ́n á bá ní, "Ẹ ò rí i, olówó pọ́ọ́kú ni." Ẹ ti gìtá mílíọ̀nù bọ ihò yẹn, bákan náà ló máa rí. DI box kékeré kan, àpótí tó ń mú kí ohùn gìtá bá míkísà mu, láàárín gìtá àti míkísà, tàbí àḿpù tí ẹ gbé máíkì síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ariwo "hùùù" tó ń jáde náà, iná wa tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan, ìyẹn èyí tí wáyà rẹ̀ jẹ́ ìdì kan ṣoṣo, ń gbé. Gìtá Stratocaster tí Fender gbé jáde ní 1954 ń gbé e bákan náà. Nítorí ariwo yẹn ni Seth Lover ní Gibson ṣe píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì méjì ní 1955, àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú tó ní irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà lónìí.

Ti pé kí ọmọ fi bọ́kìsì bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè le, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà ìnípọn okùn bọ́kìsì sábà máa ń jẹ́ 12, ó nípọn, ó sì ga sí ọrùn. Ọmọ tí orin tó wà lọ́kàn rẹ̀ jẹ́ ti oníná, oníná ni kí ẹ fún un.

Ṣùgbọ́n gìtá kan wà tí kò sí ohun tí èmi tàbí ẹlòmíràn lè ṣe fún un, ẹ sì lè mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e sókè bí ẹni ń fi ìbọn wo nǹkan, kí ẹ wo ọrùn láti orí dé ara: bí etí rẹ̀ méjèèjì kò bá lọ lọ́gbọọgba, tó lọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wo okùn àkọ́kọ́ àti ìkẹfà, bí ọ̀kan bá fẹ́ já bọ́ létí ọrùn, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní gbogbo fíréètì, kí ẹ má fo ọ̀kankan. Ibi kan tàbí méjì tó ń gbọ̀n jìgìjìgì ṣeé tún ṣe, àmọ́ bí ó bá jẹ́ ibi púpọ̀ ni ohùn ti ń kú, iṣẹ́ rẹ̀ á ju owó rẹ̀ lọ. Ẹ fi fóònù yẹ ohùn fíréètì 12 wò: nóòtì okùn tí a kò tẹ̀ ló yẹ kó jẹ́, ó kàn ga ju tirẹ̀ lọ ní ọkítéfì kan ni, bíi láti dò dé dò tó wà lókè. Bó bá ga jù, gàárì kékeré tí okùn sùn lé ní ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n fà sẹ́yìn, bó bá wálẹ̀ jù, kí wọ́n tì í síwájú. Bí gàárì náà bá ti dé òpin tí ohùn kò sì tíì pé, ibi tí kò yẹ ni wọ́n kan bíríìjì, tó gbé àwọn gàárì náà dúró, mọ́. Gìtá méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà kì í fi gbogbo ara jọra, nítorí náà ẹ má bínú sí oníṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kó gbé òmíràn wá nínú irú kan náà, kí ẹ tún yẹ ọrùn tirẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.