Ọ̀mì tí ọmọ náà gbà kì í ṣe ti ojo

Ìròyìn yín sọ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ará Ìsánlú tó kópa nínú ìdíje chess ní Kábà gba ọ̀mì nígbà tí ẹyọ méjì, rook àti bíṣọ́ọ̀bù, wà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ọba, tó sì ku rook nìkan fún alátakò rẹ̀, àwọn òǹkàwé kan sì ti ń pè é ní ojo. Ọwọ́ rẹ̀ ló lékè lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí pawn, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké, lórí pátákó mọ́, alátakò tó mọ̀ ọ́n ta lè fi rook rẹ̀ há bíṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ọba tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti òkèèrè, kí bíṣọ́ọ̀bù náà má lè kúrò níbẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ta ìgbà 50 láìpa ẹyọ kankan, kí ó sì béèrè ọ̀mì lábẹ́ òfin. Ká ní àkókò wà, èmi ì bá ní kí ó ta á lọ, nítorí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá máa ń ṣìṣe nídìí irú ayò yìí. Àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé kò tó ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́ kù lórí aago rẹ̀, láìsí àfikún ìṣẹ́jú-àáyá tí aago máa ń fún ni bí a bá ti ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan; bí aago bá tán, ó pàdánù nìyẹn, torí rook alátakò ṣì lè pa ọba. Olùkọ́ rẹ̀ ló yẹ ká bi léèrè ibi tí àkókò yòókù wọlé sí.