Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lórí ilẹ̀ ayé ná

Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Artemis, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣe ìwádìí òṣùpá àti òfurufú, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Òun àti Rùwáńdà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Látìgbà náà, a kò tún lè máa wo ọ̀rọ̀ ibùgbé lórí òṣùpá bí eré àwọn aládùúgbò mọ́, nítorí àwa náà ti ní ohùn níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ìjọba fi ohùn náà sọ kò gùn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ènìyàn lọ gbé inú ilé tó jẹ́ pé ọ̀gbìn inú rẹ̀ ni wọn yóò máa jẹ, tí wọn yóò sì máa mí, àfi bí irú ilé náà gan-an, tòun ti ènìyàn nínú, bá ti wà ní títì pa lórí ilẹ̀ ayé fún ọdún méjì gbáko, láìfi afẹ́fẹ́ tàbí oúnjẹ kankan kún un.

Wọ́n ti dán an wò rí. Ní Oracle, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì kan tí wọ́n pè ní Biosphere 2 sórí ilẹ̀ tó lé ní éékà mẹ́ta. Kì í ṣe ilé itọ́ tí ìrì ń wó. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà jò gba inú ilẹ̀. Nítorí pé oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí afẹ́fẹ́ inú ilé wú, tí òtútù òru sì ń mú kó sún kì, wọ́n kọ́ yàrá ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ọn. Awọ rọ́bà kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń gòkè lọ́sàn-án, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ lóru, kí afẹ́fẹ́ má baà fọ́ gíláàsì. Igbó òjò, òkun kékeré, ọ̀dàn, aṣálẹ̀ àti oko, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ilé náà. Ènìyàn mẹ́jọ wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, wọ́n sì jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993.

Ọ́síjìn ló kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, ó wà ní ìdá 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi tìta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìndínlógún, ó ti já sí nǹkan bí ìdá 14, bíi ti ẹni tó ń gbé orí òkè tó ga tó 4,000 mítà. Èémí kì í tó wọn lóru, oorun ń dá lójú wọn, iṣẹ́ oko díẹ̀ á sì ti mú kí wọ́n máa mí hẹlẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1993, wọ́n ní láti fa ọ́síjìn wọlé láti ìta.

Ilẹ̀ oko ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, wọn kò sì ṣì í. Wọ́n ti kó ilẹ̀ olóràá sínú oko náà kí ó lè bọ́ ọ̀gbìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ajílẹ̀ inú rẹ̀ ń mí bí ènìyàn ṣe ń mí, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí ewéko lè san padà lọ. Ṣùgbọ́n bí èyí bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, gáàsì kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì, èyí tí a ń mí síta, ì bá ti gòkè bí ọ́síjìn ṣe ń já. Kò gòkè tó bẹ́ẹ̀. Níbo ló wọlé sí? Jeff Severinghaus àti Wallace Broecker láti Yunifásítì Columbia ló tú àṣírí náà: inú ògiri ni. Èròjà ẹfun tó wà nínú kọnkéré tuntun máa ń fa gáàsì yẹn mọ́ra, á sì di òkúta ẹfun. Wọ́n gbẹ́ kọnkéré inú ilé, wọ́n fi wé ti ìta, ti inú sì ti fa gáàsì náà mu ju ti ìta lọ fíìfíì. Ọ́síjìn tó bá gáàsì náà wọnú ògiri kò tún sí fún ewé láti dá padà. Kò sí ẹni tó rí èyí tẹ́lẹ̀ nínú ìṣirò. Ìgbà tí ènìyàn gbé inú ilé náà ló tó hàn.

Oúnjẹ náà kò rọrùn. Gíláàsì àti irin tó gbé e dúró gba nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Kòkòrò wínniwínni kan bo ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún òyìnbó, wọn kò sì lè fín oògùn sí i, nítorí pé ohun tí wọ́n bá fín lónìí ni wọn yóò mu nínú omi wọn láìpẹ́. Ànàmọ́ ló gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ títí àwọ̀ ara wọn fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ wọn nítorí pé ohun tí ènìyàn ń jẹ ló ń jẹ. Àwọn kòkòrò tó ń mú kí òdòdó so èso kú, èèrà àti aáyán ló kù tó ń gbilẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìwọ̀n ara wọn ló lọ.

Àwọn kan yóò ní ìgbà ti yí padà. Lóòótọ́, ibùdó ISS, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ń gbé lókè ayé, ti ń tún ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀ lò láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ilẹ̀ ayé sì ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Nígbà tí wọ́n gbin òdòdó zinnia síbẹ̀ ní ọdún 2015, omi kò rí ibi ṣàn sí, ewé rẹ̀ bu. Ilé títì pa ti Krasnoyarsk ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń pè ní BIOS-3, gba ènìyàn mẹ́ta fún 180 ọjọ́ láàárín ọdún 1972 sí 1973, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ti kó ẹran gbígbẹ wọlé. Ti Beijing, Yuegong-1, ló dára jù lójú wa, nítorí ó lo 370 ọjọ́ láàárín ọdún 2017 sí 2018. Síbẹ̀, ikọ̀ méjì ló ń gba ipò ara wọn níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó lò ju 200 ọjọ́ lọ léraléra. Tí ọ́síjìn bá já ní Oracle, ọkọ̀ lè gbé òmíràn dé ẹnu ọ̀nà. Ta ni yóò gbé e dé orí òṣùpá?

Ẹ má sọ pé owó kò sí. Ní ọdún 2022, olùyẹ̀wò NASA, ilé-iṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìrìn-àjò òṣùpá Artemis mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò gba bílíọ̀nù 4.1 dọ́là. Nǹkan bí mílíọ̀nù 150 dọ́là ni wọ́n fi kọ́ Biosphere 2. Ká tiẹ̀ sọ owó ìgbà yẹn di ìlọ́po mẹ́ta, ìrìn-àjò kan ṣoṣo yóò kọ́ mẹ́jọ irú rẹ̀, owó á sì ṣẹ́ kù.

Àwa náà ní iṣẹ́ ṣe. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn ní oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 nípamọ́, ẹ̀wà sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ bó ṣe ń bọ́ ènìyàn. Kí NASRDA, ilé-iṣẹ́ òfurufú Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá títì kan tí kò ju yàrá ìsùn lọ: kí wọ́n wọn ajílẹ̀ inú ilẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tì í, kí wọ́n kun ògiri kọnkéré pa, kí wọ́n máa ka ọ́síjìn àti kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ náà jáde fún gbogbo ayé, títí kan èyí tó bàjẹ́.

Ní ti ilé ńlá, kí aṣojú wa gbé òfin yìí síwájú àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn náà. Bí ọ́síjìn bá já wá sí ìdá 19, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n kọ ohun tó fà á sílẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún méjì náà látorí ọjọ́ kìíní.