Àtúnṣe: Eré sísá kọ́ ni oògùn àyà tó ń dunni

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Ó ní ẹni tí awọ tó bo ọkàn rẹ̀ bá wú, tí àyà ṣì ń dùn ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó pa oògùn tì, kí ó máa sáré láràárọ̀ kí ìrora lè jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Pericarditis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Ìrora rẹ̀ máa ń gún bí abẹ́rẹ́. Ó ń le sí i téèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tàbí tó mí kanlẹ̀, ó sì ń rọ̀ téèyàn bá jókòó tó tẹ̀ síwájú. Bí wọn ò bá lo colchicine, oògùn kan tó ń mú wíwú rọlẹ̀, àìsàn náà lè padà sára aláìsàn 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í kún ibuprofen tàbí aspirin, fún oṣù 3 lọ́pọ̀ ìgbà, kódà bí ara bá ti yá. (Ó máa ń súni, lóòótọ́.) Eré sísá ńkọ́? Wọ́n ní kéèyàn dá a dúró títí ìrora yóò fi lọ, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ọkàn yóò fi dára.

Bí èémí bá ń há, tí òòyì ń kọ́ni, tàbí tí ìrora mú apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ bi dókítà yín, tàbí kí ẹ wo ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde. Ire lẹni tó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ń rò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ sí i.