Ẹ san owó àwọn ológun tí ẹ lé dànù, kí wọ́n tó kú tán

Mílíọ̀nù 75 pọ́n-ùn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ní oṣù Kejìlá 2024 fún àwọn ológun tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ torí pé wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn, ó ju mílíọ̀nù 50 tí Lord Etherton, adájọ́ tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí fún ìjọba, dá lábàá lọ. A kí wọn. Ẹni tí wọ́n lé yóò gba 50,000. Ẹni tí wọ́n tún fojú rẹ̀ gbolẹ̀ tàbí tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n lè gba tó 20,000 sí i. Àmọ́ oṣù Keje 2023 ni àbọ̀ ìwádìí yẹn jáde, ọjọ́ náà gan-an sì ni Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, tọrọ àforíjì nílé aṣòfin. Oṣù 17 ni wọ́n fi ń ro bí wọn yóò ṣe san gbèsè tí wọ́n ti fẹnu ara wọn gbà pé àwọn jẹ. Kí ni wọ́n ń rò?

A ti wí i lójú ewé yìí títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó: àwọn tọ́rọ̀ kàn kì í ṣe ọmọdé. Ẹni ọdún 25 tí wọ́n lé ní 1970 ti pé ọgọ́rin ọdún. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn ló sì ba ọ̀pọ̀ fáìlì ọlọ́pàá ológun lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Kí akọ̀wé kan má wá jókòó sí ọ́fíìsì kó máa bi bàbá arúgbó pé ìwé tí wọ́n fi lé e dà.

Joe Ousalice lo ọdún 18 nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, ó jagun Falklands tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Argentina jà ní 1982. Ní 1993 wọ́n lé e, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀. Ó di 2020, lẹ́yìn tó ti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n tó dá a padà fún un. Àwọn mìíràn, ṣe ni ọlọ́pàá ológun ya wọ yàrá wọn, wọ́n tú àpótí, wọ́n ka lẹ́tà olólùfẹ́ wọn, wọ́n wá ń bi wọ́n ní ohun tí ọmọlúàbí kì í bi ọmọlúàbí.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é? Ní 1996 iléeṣẹ́ ètò ààbò ní ìṣọ̀kan ọmọ ogun yóò tú. Wọ́n tún ní ọ̀tá lè fi àṣírí halẹ̀ mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin tiwọn ló sọ ọ́ di àṣírí! Kì í ṣe ọgbọ́n orí wọn ló sì fòpin sí i. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ló dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kẹsàn-án 1999, kí Geoff Hoon, mínísítà ètò ààbò nígbà náà, tó wá wọ́gi lé òfin náà ní oṣù Kìíní 2000. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọ ogun tí wọ́n ní yóò tú yìí ló balẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ológun tó ń ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú Lungi pé ta ló ń bá sùn.

A mọ̀ pé àwọn kan nílé, àti ní Peckham ní London náà, yóò ní kí ló kan ìwé ìròyìn Yorùbá. Àwọn ọmọ wa wà nínú iṣẹ́ ológun yẹn. A kò gbàgbé òfin 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ní Nàìjíríà, a kò sì bá ẹnikẹ́ni du Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó mọ ìbọn lò, tó ń gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu, tó sì ti fọwọ́ sí i pé òun lè kú, kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìfi ara rẹ̀ pa mọ́.

Nígbà tí ìjọba kéde owó náà, wọ́n ní ọdún méjì ni àyè fọ́ọ̀mù yóò fi ṣí sílẹ̀. A ò bèèrè ìgbà tí yóò tì. Ọjọ́ wo ni ẹni ìkẹyìn yóò rí owó nínú àkáǹtì rẹ̀? Kí mínísítà ètò ààbò dá ọjọ́ náà, kó sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé gbọ́.